Ọkàn Tútù Kì í Ṣe Ọkàn Ojo: Ohun tí Ọmọ Òṣóógùn Kan Kọ́ Wa

Ní ìsinmi tó kọjá, màlúù wọ oko àgbàdo wa lẹ́yìn odi Ṣakí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bí ìlàjì oko náà ti di àtẹ̀mọ́lẹ̀. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ti di pòròpórò lásán. Ẹ̀gbọ́n mi ló sì yá owó tí a fi ra ajílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ẹ̀gbọ́n mi ní òun mọ gáà tí àwọn màlúù náà ti wá, òun sì mọ odò tí wọ́n ti ń mumi. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa tí a wà nílé ló mọ ohun tó ní lọ́kàn. Bàbá mi, tó jẹ́ díákónì nínú ìjọ wa, ní kó jókòó. Wọ́n ní Jésù kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀san. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n títí, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ọkàn tútù la máa fi san gbèsè ajílẹ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi ló wà lórí ẹsẹ̀ mi. Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò tó wà nínú Bíbélì Yorùbá ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo rí nígbà tí mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tó ń kà á lè má jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn ló jẹ́ pé bí ẹnì kan ṣe ń lọ sí mọ́sáláásí lẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ ìjà, ọ̀rọ̀ ìgbéraga àti ọ̀rọ̀ ohun ìní kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ náà ń sọ

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni Jésù so pọ̀ nínú ìwàásù rẹ̀ lórí òkè, tó wà nínú ìwé Mátíù orí 5 sí 7. Èkíní ni ìrẹ̀lẹ̀. Èkejì ni kí èèyàn má fi ibi san ibi. Ẹ̀kẹta ni kí èèyàn má fi ohun ìní dè ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ẹni tó ń kọ́ nípa èdè wò wọ́n.

Nínú ìrẹ̀lẹ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni a fi kún ọ̀rọ̀-ìṣe rẹlẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa á gbọ́ ilẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó rẹlẹ̀ ni ohun tó súnmọ́ ilẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ pàápàá rìn ní ọ̀nà kan náà: nínú èdè Látìn, láti ara humus, tó túmọ̀ sí ilẹ̀, ni humilis ti wá, tó túmọ̀ sí ẹni tó rẹlẹ̀. Èdè méjì tí kò bá ara wọn tan ló gba ọ̀nà kan náà débi ìtumọ̀ kan náà. Àgbẹ̀ kankan kò sì ní ka ilẹ̀ sí ohun yẹpẹrẹ. Ibẹ̀ ni iṣu ti ń ta.

Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò nínú Mátíù 5 ẹsẹ 5 ni ọlọ́kàn tútù. Oní- tó di ọlọ́- níwájú ọkàn nìyẹn, gbogbo wa la ti ṣe é ní ọdún kìíní. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé oní- ń tọ́ka sí ẹni tó ní nǹkan. Ọlọ́kàn tútù ní ọkàn. Bí a bá sì sọ lédè wa pé ẹnì kan lọ́kàn, akíkanjú là ń pè é. Ojo kò lọ́kàn rárá, ká má tíì sọ pé kó tutù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nídìí rẹ̀, praus, wọ́n máa ń lò ó fún ẹranko tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú èèyàn tí kì í ṣe ẹhànnà mọ́. Agbára ẹran náà kò lọ síbì kankan, ó kàn ti ní ìjánu ni.

Tútù náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìlágbára lẹ́nu Yorùbá. A máa ń gbàdúrà kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù. Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lọ́dún 1973 lórí bí àwọn èèyàn wa àti àwọn ará ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn ṣe ka ìtutù sí ẹwà àti àmì àṣẹ. Odò Ògùn tí wọ́n fi sọ agbègbè wa lórúkọ, apá Ṣakí ló ti ṣẹ̀. Ó tutù, ṣùgbọ́n ẹ wò ó ní oṣù kẹsàn-án kí ẹ tó ní kò lágbára.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọkàn tútù tó sì rò pé ọ̀dẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí òun jẹ́, kì í ṣe èdè Yorùbá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń lò ó lórí àga ìwàásù àti nínú ilé ló kọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bá ti rẹ́ jẹ ni a máa ń sọ fún pé kó ní ọkàn tútù. A kì í sábà sọ ọ́ fún ẹni tó rẹ́ni jẹ.

Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin

Ẹ̀yin náà lè bi mí pé: ta ni àwọn tó kó ọ̀rọ̀ yìí sínú èdè wa, ṣé wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n jẹ oko ẹni ni? Ìdáhùn ibẹ̀ kò jìnnà sílé rárá.

Ní ọdún 1821, ogun wọ Òṣóógùn, ìlú kan ní ẹkùn Ìsẹ́yìn. Wọ́n dáná sun ún. Lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni ọmọkùnrin bíi ọdún 13 kan tó ń jẹ́ Àjàyí, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837. Ó ní àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ló wà nínú ọmọ ogun náà. Ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ ló ń tú ká nígbà náà, oríṣiríṣi èèyàn ló sì wà nínú ìjà agbára náà.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n sì dá a padà, wọ́n gba ọmọ náà. Mo ti gba Ìsẹ́yìn kọjá nínú ọkọ̀ láìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti díwọ̀n ọmọ èèyàn mọ́ ẹṣin tí wọ́n sì rí i pé ẹṣin náà kò dára tó. Láti ibẹ̀, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba wọn sílẹ̀, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Ó ṣèrìbọmi ní ọdún 1825, ó sì di Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún rí ara wọn lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ oyè náà.

Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bíi Thomas King, ló túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Odindi rẹ̀ parí ní ọdún 1884. Èyí fi hàn pé ẹni tí wọ́n dáná sun ìlú rẹ̀ wà lára àwọn tó jókòó tó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹ̀kọ́ àìgbẹ̀san. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kò mọ bí ó ti ń dunni.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó wá láti ẹnu àwọn ẹlòmíràn

Ibi tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ti wọlé nìyí. Ẹ wo àlùfáà, wòlíì, àdúrà àti ìwàásù. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tó lè ṣe ìsìn láìlò wọ́n. Ọ̀rọ̀ àyálò ni gbogbo wọn. Àlùfáà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Sóńgháì, àwọn mẹ́ta yòókù sì ti inú èdè Lárúbáwá wá. Ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti gbà wọ́n, kí ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó dé ilẹ̀ wa.

Crowther lè kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ó lè sọ pé òun kò ní fi ọ̀rọ̀ tí àwọn tó kó òun lẹ́rú fi ń gbàdúrà sínú ìwé mímọ́ òun. Ó lè yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ pé ìdáríjì nìkan ló fà á, torí olùtúmọ̀ gidi ni, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti mọ̀ ló ń wọ̀ wọ́n létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń gbóná kò ní ráyè gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀tá rẹ̀ ṣe wúlò tó. Nígbà tó dàgbà, ìmọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn oníwàásù ni pé kí wọ́n máa fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ bá Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, kí wọ́n má bá wọn fa ìjà. Ìwé rẹ̀ lórí èyí jáde ní ọdún 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àìgbẹ̀san kì í ṣe àìsọ̀rọ̀

Ibi tí mo rò pé a ti ṣi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ jù lọ nìyí. A máa ń rò pé ẹni tí kò gbẹ̀san gbọ́dọ̀ panu mọ́. Yorùbá sì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó wá dà bíi pé òwe àti ìhìnrere ń bá ara wọn jà.

Wọn kò jà. Nínú Jòhánù orí 18, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan gbá Jésù lójú níwájú olórí àlùfáà, kò gbá a padà, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó bi í léèrè ohun tí òun ṣe tó fi gbá òun. Nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 16, nígbà tí wọ́n na Pọ́ọ̀lù ní Fílípì láìṣẹjọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ kó yọ́ jáde ní bòókẹ́lẹ́, ó kọ̀. Ó ní àfi kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn wá mú òun jáde. Lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tí Mátíù 5 mẹ́nu bà, Walter Wink, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ṣàlàyé pé ẹni tó bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ẹni tó dojú kọ ọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa lò. Bí olówó ṣe ń gbá ẹrú nìyẹn. Ẹni tó bá yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí i ń sọ pé, "Bí o bá máa gbá mi, gbá mi bí ẹgbẹ́ rẹ." Kì í ṣe gbogbo àwọn onímọ̀ ló gba àlàyé yìí, àmọ́ ó jẹ́ ká rí i pé ẹni tí kò gbẹ̀san lè dúró ṣinṣin.

Crowther fúnra rẹ̀ rí ìdánwò yìí ní ọjọ́ ogbó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nígbà tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fẹ̀sùn kan àwọn àlùfáà rẹ̀ níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìṣúná ní Onitsha, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Dandeson, ọmọ bíbí inú rẹ̀, wà lára wọn. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wọn pé ohun tí wọ́n ṣe kò tọ́, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ìjọ tó wà ní Niger Delta dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n ń bọ́ àlùfáà wọn fúnra wọn, Dandeson sì ni olórí wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ní Canterbury, Justin Welby tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà níbẹ̀ nígbà náà tọrọ àforíjì ní gbangba fún ohun tí wọ́n ṣe sí Crowther. Ó gbà ju ọgọ́fà ọdún lọ. Òótọ́ ni pé ọkàn tútù kì í tètè gba ìdáláre, kò sì yẹ ká tan ara wa lórí ìyẹn.

Agbádá àti àgbàdo

Ẹ̀kọ́ kẹta ló kù, ìyẹn ohun ìní. Níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá fẹ́ gba aṣọ lọ́rùn ẹni, agbádá ni ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò. Ẹni tó bá mọ Ìsẹ́yìn mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìlú aṣọ òkè ni. Ẹni tó bá rí bí ahunṣọ ṣe ń jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ dalẹ́, tó mọ iye tí wọ́n ń ta ẹtù tàbí sányán, kò ní ka jíjọ̀wọ́ agbádá sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn olùtúmọ̀ kò fi nǹkan tí kò níyì síbẹ̀. Aṣọ iyì ni wọ́n fi síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ohun ìní burú ni Jésù ń sọ. Nínú Lúùkù orí 12, ẹnì kan wá bá a pé kó sọ fún arákùnrin òun kó pín ogún fún òun. Ẹjọ́ tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn, ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá. Jésù kò pín in. Ó kìlọ̀ nípa ojúkòkòrò, ó sì pa òwe ọlọ́rọ̀ kan tó fẹ́ wó àká kékeré láti kọ́ ńlá, tó sì kú ní òru ọjọ́ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà kọ́ ni pé oko rẹ̀ so. Ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nìkan ló kún ẹnu rẹ̀: àká mi, èso mi, ọkàn mi. Ẹ tún ìtàn náà kà, kí ẹ ka iye ìgbà tó ní "mi".

Mo wá rí bí ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so mọ́ra. Ẹni tó bá gbà pé ohun tí òun ní ni òun jẹ́, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti pa á nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ pa onítọ̀hún padà. Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin rí ohun tó máa ń gbẹ̀yìn irú ìṣirò bẹ́ẹ̀: níkẹyìn, èèyàn fúnra rẹ̀ á di ọjà.

Bí ọ̀rọ̀ oko wa ṣe rí

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi, pásítọ̀ wa àti baálẹ̀ àdúgbò oko náà lọ sí gáà. Mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá àgbàlagbà Fúlàní tó gbà wá lálejò gbọ́ èdè Ṣakí jù mí lọ. Bàbá mi kí wọn tán, wọ́n wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sọ tẹnu rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó sọ iye ajílẹ̀, ó sọ iye tó jẹ ẹgbẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bàbá àgbàlagbà náà gbọ́ ọ tán, wọ́n pe àwọn ọmọkùnrin méjì tó da ẹran lóru ọjọ́ náà, wọ́n sì bá wọn wí níwájú wa. Wọ́n gbà láti san owó náà díẹ̀díẹ̀. Títí di ìgbà tí mo ń kọ eléyìí, wọn kò tíì san tán.

Bàbá mi kò dúró de owó náà. Wọ́n ti tú ìlàjì oko tó bàjẹ́, wọ́n sì ti gbin ẹ̀wà sí i kí òjò tó lọ. Nígbà tí mo bi wọ́n bóyá kò dùn wọ́n, wọ́n ní, "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni oko, oko kọ́ ló ni mí."

Ní ọjọ́ tí a ń bọ̀ láti gáà, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé oríta. Ó wá ní, "Bàbá, mi ò tíì dárí jì wọ́n o."

Bàbá mi ní, "Ta ló ní kó o purọ́? Ṣáà má dé ibi odò yẹn."

Kò sì débẹ̀.